Báàgì Tí N Kò Gbé ní Òkukù

Ọ̀gá mi na báàgì rẹ̀ sí mi. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Pijó rẹ̀ níwájú ilé ẹgbẹ́ ní Òkukù, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó sì na ọwọ́ òsì sẹ́yìn pẹ̀lú báàgì aláwọ dúdú náà, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ọdún mẹ́rin tí mo fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ti gbéra láti gbà á kí n tó rántí pé n kì í ṣe ọmọọṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo dá ọwọ́ náà padà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì jẹ́ kí báàgì rẹ̀ wà níbi tó wà.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ìgbà náà ló tó wo ẹ̀yìn. "Àjọkẹ́? Kí lo wá ṣe níbí?"

"Ohun tí ẹ̀yin náà wá ṣe ni, sà."

Ó fi báàgì náà fún ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó tẹ̀ lé e wá.

Ọ̀rọ̀ báàgì yìí ti pẹ́ láàárín àwa méjèèjì. Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí. Káfíńtà ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Aládùúrà tí kì í parọ́ fún oníbàárà nípa igi. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ òfin, Òṣogbo ni mo lọ, sí ṣáńbà ọ̀gá mi. Ṣáńbà ni àwa agbẹjọ́rò ń pe ọ́fíìsì wa, ì báà jẹ́ yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò kékeré níbẹ̀ pọ̀. Yóò táìpù, yóò wá ìwé, yóò lọ bẹ adájọ́ fún ọjọ́ mìíràn nígbà tí ọ̀gá kò bá ráyè, yóò sì gbé báàgì. Àwa mẹ́ta ni wọ́n jọ gbà síṣẹ́, ọkùnrin méjì àti èmi. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, àwọn méjèèjì ti ń dá ẹjọ́ rò. Ọdún kẹrin dé, èmi ṣì ń gbé báàgì. Mo bi ọ̀gá léèrè pé ìgbà wo ni èmi náà máa dìde sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní mo máa tó lọ́kọ, àbí mo fẹ́ máa gbé oyún rojọ́ ni.

Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ó kà á tán, ó ká a sí méjì.

"Ìkìrun," ó wí. "Ta lo fẹ́ rojọ́ fún ní Ìkìrun? Àwọn tó ń jà sí ewúrẹ́? Ṣáà lọ. O máa padà wá, báàgì mi ṣì máa wà nílẹ̀ dè ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo padà sílé, bàbá mi sì kó pákó rẹ̀ kúrò níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó gé ibẹ̀ ní yàrá kan fún mi, ó kan tábìlì àti ṣẹ́ẹ̀fù sí i. Ẹni tó tọ́ bí ọ̀pá ni bàbá mi, kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní, "Ọdún mẹ́ta ni mo fún ẹ níbí. Bí ọ́fíìsì yìí bá dúró, tìẹ ni títí ayé. Bí kò bá dúró, wàá padà sí Òṣogbo, nítorí mi ò ní jókòó máa wo ọmọ tí mo rán nílé ìwé kó máa lé eṣinṣin." Mo ní mo gbà.

Ìjà ewúrẹ́ wá lóòótọ́, n kò ní purọ́. Ìjà ààlà oko láti Ìbà wá, ìjà tọkọtaya wá, ọ̀rọ̀ ẹni tó wa mọ́tò gba orí ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn kọjá náà wá. Mo rò wọ́n gbogbo, mo sì jàre nínú púpọ̀. Ṣùgbọ́n irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í mú ọ́fíìsì dúró. Ohun tó ń mú un dúró ni kí ẹgbẹ́ tàbí ilé iṣẹ́ kan yan agbẹjọ́rò ní tirẹ̀, kí gbogbo ìwé wọn máa gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ́dọọdún. Ó ku oṣù mẹ́rin kí ọdún mẹ́ta bàbá mi pé nígbà tí lẹ́tà dé láti Òkukù.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń ta oúnjẹ ló kọ ọ́. Wọ́n ní sítọ́ọ̀ ní Ìkìrun, ní Ìnísà àti ní Òkukù, wọ́n sì ń wá agbẹjọ́rò. Wọn yóò fi ọ̀rọ̀ wá ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà lẹ́nu wò níwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Alága jẹ́ bàbá àgbẹ̀ kan láti Ìgbàyè tí kò mọ̀wé kà. Akápò ni Ìyá Ìnísà, oníṣòwò èlùbọ́. Akọ̀wé ni Tíṣà, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ bíbí Òkukù, òun ló fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Àkókò yẹn, kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò ńláńlá sì ń wá ibi tí wọ́n máa fẹsẹ̀ sí káàkiri. Mo mọ̀ pé n kò ní dá nìkan wá. Mo sì sọ fún ara mi pé bí mo bá máa padà sí Òṣogbo, wọn yóò kọ́kọ́ lé mi kúrò ní Òkukù ná.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Mo ra ìwé ewé ogójì kan, mo kọ gbogbo ìbéèrè tí mo rò pé wọ́n lè bi mí sínú rẹ̀, mo sì kọ ìdáhùn sábẹ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì tó le tó pákó ìrókò. Lẹ́yìn náà mo lọ bá Bàbá Làmídì. Akọ̀wé mi ni bàbá yìí, ṣùgbọ́n ògbùfọ̀ kóòtù ni kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bí adájọ́ bá sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, òun ni yóò sọ ọ́ ní Yorùbá fún olùjẹ́jọ́, bí olùjẹ́jọ́ bá dáhùn, òun náà ni yóò dá a padà. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣe é. Ó ní kí a gbé ìgbìmọ̀ tiwa kalẹ̀ nínú ìsọ̀ bàbá mi, kí wọ́n máa bi mí ní ìbéèrè.

Ọ̀sán Sátidé la bẹ̀rẹ̀. Bàbá Làmídì jókòó sáàárín, òun ni alága. Bàbá mi jókòó sọ́tùn-ún pẹ̀lú pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, òun ni akọ̀wé. Ìyá Ṣadé, aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì, ṣe akápò, ó sì gbé kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó ń rán lọ́wọ́ dání. Mo wọ kóòtù dúdú mi wọlé. Mo kí wọn. Mo sọ Gẹ̀ẹ́sì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì mí.

Bàbá Làmídì gbọ́wọ́ sókè. "Lọ́yà, ẹ tún èyí tó kẹ́yìn yẹn sọ, mo fẹ́ túmọ̀ ẹ̀ fún Ìyá Ṣadé."

Mo tún un sọ. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo òkè àjà.

"Ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo tún un sọ.

"Wallahi, Lọ́yà, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo wá a títí, mi ò rí nǹkan tí mo lè gbé fún ìyá yìí."

"Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan o," ni Ìyá Ṣadé wí, kò sì gbójú kúrò lára kọ́là rẹ̀. "Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn dùn, ẹ má fi í sílẹ̀."

Inú bí mi. Mo ní kí ni kí n wá ṣe, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi ní òfin. Bàbá Làmídì ní ìyẹn kò kan òun. Ó ní ìdáhùn kan kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu mi ní Òkukù àfi èyí tí mo bá kọ́kọ́ lè sọ fún Ìyá Ṣadé kí ó yé e. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ni iṣẹ́ agbẹjọ́rò ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ìdáhùn mi gba ojú ewé kan ààbọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa parí, ohun tó ṣẹ́kù ni pé, "Ẹni tó máa ka ìwé fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i, tó sì máa dúró tì yín bí ìjà bá dé." Ìyá Ṣadé gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà, ó ní ṣé ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé nígbà tí wàhálà gan-an dé. Tíṣà ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé agbẹjọ́rò tó bá fẹ́ lè wá ka fáìlì ẹgbẹ́ kí ó lè mọ ohun tó máa bá pàdé. Epo bẹntiró wọ́n nígbà yẹn, ọkọ̀ kò pọ̀ lójú ọ̀nà, a tò tó wákàtí méjì kí n tó rí ọkọ̀ wọ̀ lọ sí Òkukù. Tíṣà fún mi ní àga àti fáìlì mẹ́rin. Ó ní èyí tó ń dun ẹgbẹ́ jù ni ti sítọ́ọ̀ Ìnísà. Orí ilẹ̀ Bàbá Àkànní ni wọ́n kọ́ ọ sí, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sì ni ìwé sọ pé wọ́n fi gba ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bàbá náà ti ń sọ káàkiri pé ọdún mẹ́wàá ni òun mọ̀, pé kò sí ẹni tó sọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún òun.

Mo ṣí ìwé náà. Kí n tó ka ìlà kìíní ni mo ti mọ ibi tó ti wá. Mo mọ ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́, nítorí lẹ́tà kan nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣáńbà ọ̀gá mi máa ń fò sókè ju àwọn yòókù lọ. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ẹni tó táìpù máa ń fi àmì sí, lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ èmi gan-an ló wà níbẹ̀. Mo wo ibi tí Bàbá Àkànní tẹ̀ka sí. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú tàdáwà dúdú. Kò sí ohun mìíràn lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ẹni tí kò mọ̀wé kà bá máa tẹ̀ka sí ìwé, ó yẹ kí a ka ìwé náà sí i létí ní èdè tó gbọ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé a kà á fún un ní èdè Yorùbá, pé ó yé e kí ó tó tẹ̀ka, a ó sì kọ orúkọ ẹni tó kà á. Ìlà kan péré ni. Mo gbàgbé rẹ̀ ní ọdún kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́.

Bí mo bá sọ pé mo gbàgbé ìlà náà nìkan, irọ́ ni. Mo rántí ọjọ́ yẹn dáadáa. Ọ̀gá fẹ́ sáré dé kóòtù ní Ìkìrun, ó ń fọn fèrè ọkọ̀ níta. Mo gbé ìwé sórí eékún Bàbá Àkànní, mo fi ọwọ́ ara mi di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, mo tì í bọ inú tàdáwà. Bàbá náà dá ọwọ́ dúró díẹ̀. Ó bi mí pé, "Kí ló wà nínú ẹ̀, ọmọ mi?"

Mo ní, "Ohun tí ẹ jọ sọ náà ni, Bàbá."

Ó gbà mí gbọ́, ó tẹ̀ ẹ́. N kò mọ ohun tí òun àti ẹgbẹ́ jọ sọ. N kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

Mo padà sí Ìkìrun. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Làmídì. Ó ṣí fìlà, ó fi nu ojú.

"Lọ́yà, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹnikẹ́ni ò bi yín. Ẹ gba iṣẹ́ yìí ná, tẹ́ ẹ bá ti dé inú ilé, ẹ ó wá fọgbọ́n tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá lọ sọ ọ́ níwájú wọn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹnu yín lé iṣẹ́ lọ yẹn, ọ̀gá yín á sì máa fi yín rẹ́rìn-ín lọ sílé."

Òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ pé oṣù tó kù fún mi kò pé mẹ́rin mọ́. Bàbá mi ń rẹ́ pákó ní gbogbo àkókò yìí, mo rò pé kò gbọ́ wa. Nígbà tó gé pákó náà tán, ó ní, "Ẹ rántí bẹ́ǹṣì tí mo ṣe fún ìjọ? Ó ṣẹ́ mọ́ Ìyá Ìjọ nídìí láàárín ìwàásù. Gbogbo ayé rò pé ara Ìyá ló tóbi jù. Èmi ni mo lo igi tútù. Mo dìde níbẹ̀, mo ní èmi ni."

"Kí ni wọ́n wá ṣe?" ni Bàbá Làmídì bi í.

"Wọ́n ní kí n ṣe bẹ́ǹṣì gbogbo ilé àdúrà tuntun. Ìyá Ìjọ ló ní òun fẹ́ ẹni tó máa sọ fún òun kó tó ṣẹ́." Ó gbé pákó mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n.

Bí mo ṣe dé Òkukù ní ọjọ́ náà nìyẹn tí mo bá ọ̀gá mi pàdé, tó na báàgì rẹ̀ sí mi.

Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó lò tó wákàtí kan. Láti abẹ́ igi máńgòrò tí mo jókòó sí, mo ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ àti ẹ̀rín Tíṣà. N kò gbọ́ ohùn Bàbá Alága, ti Ìyá Ìnísà ni mo gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sì pẹ́. Nígbà tó jáde, ó jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó ní òun á dúró díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ gbọ́ ohun tí mo máa sọ ni. Mo sì sọ lọ́kàn mi pé kí ó gbọ́ dáadáa.

Tíṣà fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, mo dìde, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá dáhùn, kí gbogbo ilé lè jọ gbọ́."

"Ṣé ẹ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, Lọ́yà?"

"Mo gbọ́ ọ, sà. Ẹ ṣì máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi ní kóòtù. Àmọ́ Bàbá Alága lẹ ní kí wọ́n yan agbẹjọ́rò, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ohun tí agbẹjọ́rò ń sọ."

Bàbá Alága, tó ti fẹ̀yìn ti àga, jókòó dáadáa. Wọ́n bi mí ní ohun tí agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ máa ń ṣe, mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún Ìyá Ṣadé. Wọ́n bi mí nípa ẹjọ́ tí mo ti rò, mo sọ ti ewúrẹ́ pàápàá. Tíṣà ní, ṣé obìnrin lè dúró ti ìjà ilẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ máa ń le.

"Tíṣà," ni Ìyá Ìnísà wí, "èmi tí mò ń pa owó yín mọ́ ńkọ́, kí lẹ pè mí?"

Tíṣà wo ìwé iwájú rẹ̀. Ìyá Ìnísà wá fa ìwé kan jáde nínú fáìlì, ó tì í sí mi. Ìwé Bàbá Àkànní ni.

"Lọ́yà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yẹn ní kò sí wàhálà kankan nínú ìwé yìí," ó wí. "Ó ní agbẹjọ́rò ló kọ ọ́, kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́. Kí nìwọ náà rí síbẹ̀?"

Mo wo fèrèsé. Orí ọ̀gá mi ń hàn níbẹ̀, ó ti yí etí sí wa.

Mo ní, "Ohun tí mo rí síbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò ka ìwé yìí fún Bàbá Àkànní kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé kóòtù, adájọ́ á bi wá pé ta ló kà á fún wọn, kò sì sí ẹni tá a máa pè. Mo mọ̀ ọ́n torí pé èmi ni mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo táìpù ẹ̀, èmi ni mo di ọwọ́ Bàbá mú. Wọ́n bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀, mo ní ohun tí wọ́n jọ sọ ni. Mi ò kà á."

Tíṣà ṣí gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́," ó wí. "Ẹ sì wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni mo bà á jẹ́, mo sì wá gba iṣẹ́. Mi ò wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ lè lé mi jáde báyìí, ẹ ò jẹ̀bi. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ bá mi sọ fún un pé kó má gbé Bàbá Àkànní lọ sí kóòtù. Kó lọ jókòó tì wọ́n, kó ka ìwé fún wọn, kó sì gbọ́ ohun tí wọ́n mọ̀. Kẹ́ ẹ wá jọ kọ òmíràn."

"Tí wọ́n bá wá ní ọdún mẹ́wàá náà ni ńkọ́?" ni Tíṣà bi mí.

"Ọdún mẹ́wàá náà lẹ ó gbà nìyẹn, sà, torí òun lẹ ní. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó wà níbí yìí, orí ìwé nìkan ló wà."

Bàbá Alága kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Ó na ọwọ́ gba ìwé náà, ó wo ibi tí àtàǹpàkò wà. Òun náà ti tẹ̀ka tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá Àkànní lọ́jọ́ yẹn fún ẹgbẹ́.

"Wọn ò ka tèmi náà fún mi," ó wí.

Wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn á kọ̀wé.

Ọ̀gá mi ti dìde nígbà tí mo jáde. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Àjọkẹ́, o bà mí lórúkọ jẹ́ níwájú àwọn ará oko."

"Orúkọ yín ò jáde lẹ́nu mi, sà. Orúkọ ara mi ni mo dá."

"O ò lè rí iṣẹ́ yẹn gbà láéláé."

"Bí mi ò bá rí i gbà, sà, mi ò ní wá gbé báàgì yín náà. Mo máa jókòó sí iwájú ìsọ̀ bàbá mi, mo máa rojọ́ ewúrẹ́ títí tí eyín á fi ká lẹ́nu mi. Bí bàbá mi bá lé mi níbẹ̀, mo máa jókòó sábẹ́ igi." Mo kúnlẹ̀, mo ní ó dàbọ̀. N kò tíì bá àgbà sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Ṣùgbọ́n n kò kábàámọ̀ rẹ̀ nígbà náà, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ dòní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá láìsí lẹ́tà. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo yàrá mi bíi pé ó ń ka iye pákó tó máa gbà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Tíṣà fúnra rẹ̀ ló gbé lẹ́tà wá sí Ìkìrun. Ó jókòó sórí àga tí bàbá mi kàn, ó ní ẹ̀yìn ọ̀gá mi ni òun wà nígbà tí wọ́n ń yàn, kí n mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì yòókù kò gbà. Ìyá Ìnísà ní òun fẹ́ lọ́yà tí òun mọ ibi tí àṣìṣe rẹ̀ wà. Bàbá mi jáde láti ẹ̀yìn, ó gba lẹ́tà náà, ó gbé e sí abẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó dá a padà fún mi. Ó ní, "Ó dáa. Mo máa bá ẹ tún ilẹ̀kùn ọ́fíìsì yìí ṣe." Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Bàbá Làmídì ní àlùbáríkà ni, kí wọ́n jẹ́ kí n sunkún.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ti Ìnísà. Ìgbà mẹ́rin la lọ jókòó ti Bàbá Àkànní kí ọ̀rọ̀ tó wọ̀. Ó sọ ohun tó mọ̀, Bàbá Alága náà sọ tirẹ̀, wọ́n jiyàn, wọ́n jẹ obì, wọ́n tún jiyàn. Wọ́n wá fẹnu kò sí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo táìpù rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo sì gbé e padà lọ.

Ojú bàbá náà ti ń ṣe bàìbàì. Mo gbé ìwé àti tàdáwà síwájú rẹ̀ lórí tábìlì kékeré. Kò na ọwọ́.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?" ó bi mí.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní Yorùbá. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Nígbà tí mo dé ibi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ní kí n dúró, ó kà á lórí ìka ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi pé, ó ní kí n máa bá a lọ. Ó wá ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Oòrùn ti wà ní àtàrí, Bàbá Làmídì tó bá mi lọ ti ń wo àkókò ìrun. Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó na àtàǹpàkò rẹ̀. N kò dì í mú, òun fúnra rẹ̀ ló tì í bọ inú tàdáwà.

"Ohùn yín ni mo fi mọ̀ yín," ó wí, bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. "Ọdún yẹn, ẹ ní ohun tá a jọ sọ ni. Mo ti ń dúró látọjọ́ yẹn kẹ́ ẹ padà wá sọ fún mi."

Mo mú bírò. Mo kọ ìlà kan yẹn sábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, mo sì kọ orúkọ mi gbogbo sí i, pé èmi ni mo kà á.